Ìkarahun Méjì Lára Igi Obì

Oyèdọ̀tun kò fọwọ́ kan igi náà. Ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ó gbé gọ̀gọ̀ tó fẹ́ fi ká obì lé èjìká, ó ń wo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn bí ẹni tó bá ejò pàdé lójú ọ̀nà. Ààlè ni. Ìkarahun ìgbín méjì, ṣùkù àgbàdo méjì, wọ́n fi àkísà pupa kan dì wọ́n pọ̀, wọ́n so ó rọ̀ síbi tí ojú àgbàlagbà yóò ti tètè rí i. Ó wo igi kejì, ààlè wà níbẹ̀. Ó wo ìkẹta. Gbogbo igi obì tí bàbá rẹ̀ gbìn sí etí odò kékeré tó wà ní ọ̀nà Ọ̀rà ló wọ ààlè bí ọmọdé ṣe ń wọ ìlẹ̀kẹ̀.

"Lára igi mi?" ló sọ jáde. "Èmi Oyèdọ̀tun?"

Ẹni tí kò mọ oko lè ní kí ló le níbẹ̀, kó já a dànù, kó ká obì rẹ̀. Ọ̀làjú ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní abà tiwọn, ẹni tó so ààlè ló ń tú u. Ẹlòmíràn tó bá tú u ti sọ ara rẹ̀ di olè, ì báà jẹ́ pé tirẹ̀ ni ohun náà, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ mọ ẹni tó so ó. Oyèdọ̀tun fúnra rẹ̀ ti so ààlè mọ́ igi ìdáná àti pákí rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì sẹ́ni tó dán an wò. Ó mọ ohun tí ààlè ń wí: èyí ní olóhun, gbọ́wọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Ta wá ni olóhun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òun lórí obì tí òun ti ń roko ìdí rẹ̀ láti ìgbà tí òun kò tíì ní irùngbọ̀n?

Ó sún mọ́ àkísà náà, ó yọ ojú sí i. Ara rẹ̀ gbóná. Kì í ṣe àkísà kan lásán. Òfì àlàárì ni, òfì bàbá wọn, wọ́n gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

"Hezekiah," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Tíṣà. Ó ti yé mi."

Ọ̀rọ̀ òfì yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni bàbá wọn kú, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti ká obì tán. Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé àkọ́bí òun ni yóò jogún òfì náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ̀lẹ́bí jókòó láti pín ẹrù, Hezekiah, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, dìde, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé, ó ní ìyá òun ló ran òwú aṣọ náà, ìyá òun ló sì hun ún. Àwọn àgbà ń mi orí. Wọ́n gbé òfì fún un. Ní ti oko obì, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì lọ jókòó yanjú rẹ̀. Oyèdọ̀tun kò jókòó. Láti ọjọ́ náà, kò bá Hezekiah sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìbínú náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí aṣọ. Ìwé kẹrin ni Oyèdọ̀tun wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàbá ní kó jókòó sílé, kí ọwọ́ lè ká ìwé Hezekiah. Obì etí odò yìí ló sì gbé Hezekiah débi tó dé. Oyèdọ̀tun ń gun igi, Hezekiah ń gun kíláàsì. Ẹni tó gun kíláàsì di tíṣà, ó di díákónì ní Ìlá, ó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé. Ẹni tó gun igi ṣì ń gbé abà.

Ó gbé gọ̀gọ̀ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Kò ká ẹyọ obì kan.

Tẹjúmádé ló kọ́kọ́ rí níwájú ilé. Ó wà lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀nà oko.

Ó yẹ kí ènìyàn mọ Tẹjúmádé. Àbúrò Hezekiah ni, ọmọ ìyá kan náà, ó ti lé ní ogójì ọdún. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe odi, orí rẹ̀ kàn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ ni. Bí o bá ń jáde nílé tí o sì sọ fún un pé "Mò ń bọ̀," bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí wàá fi dé. Bí o bá ní kó ṣọ́ ìkòkò kó má ru, kò ní kúrò nídìí ìkòkò kódà kí òjò máa rọ̀ lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bá ọ yọ iná, torí o kò sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn nìkan ló mọ bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí bàbá kú, Hezekiah mú un lọ sí Ìlá, ṣùgbọ́n kò jẹun dáadáa níbẹ̀, etí títì ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Hezekiah gbé e wá sí abà lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Zipporah ìyàwó Oyèdọ̀tun ló gbà á sílé, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà lóko.

Oyèdọ̀tun kò gba ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ta ni í gbé ènìyàn wá bá ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀, láìní nǹkan mìíràn nínú? Ó ní ojú ni Hezekiah fi síbẹ̀. Ó ṣọ́ obìnrin náà títí. Ó fẹ́ tú ẹrù rẹ̀ wò, Zipporah di ilẹ̀kùn mú. "Bàbá Olúrẹ̀mí, ẹ ò ní tú ẹrù obìnrin nínú ilé mi." Ó padà lẹ́yìn ẹrù. Ohun tó rí Tẹjúmádé kó máa ṣe ni pé bí wọ́n bá jẹ ìgbín tán, á ṣa ìkarahun rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á tò ó ní méjì méjì sórí ògiri. Láràárọ̀, á kó apẹ̀rẹ̀ méjì sínú ara wọn, á rù wọ́n lọ sápá oko, á tún rù wọ́n padà lófìfo. Oyèdọ̀tun wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Kí ni irú ojú báyìí fẹ́ ròyìn? Bí ó ṣe yọ ọ́ kúrò lọ́kàn nìyẹn.

"Kí lẹ rí lóko?" ni Zipporah bi í. "Ọwọ́ yín ṣófo."

Ó ròyìn fún un. Zipporah fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Jésù! Ẹ̀mí òkùnkùn ni. Ẹ jẹ́ kí n pe pásítọ̀, kó ta òróró sí wọn nídìí."

"Òróró kì í tú ààlè."

"Kí ló wá ń tú u?"

"Ọwọ́ tó so ó."

"Ẹ lọ bá ọwọ́ náà nígbà náà, kẹ́ ẹ bi í!"

"Kí n lọ bá Hezekiah? Èmi? Kí n dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tí mo fi ẹ̀yìn mi kọ́, kí n ní, 'Ẹ dákun, díákónì, ẹ jẹ́ kí n ká obì mi'?" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Kó máa so ó lọ."

Ṣùgbọ́n kò lè sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń jẹ ọkàn rẹ̀ jù ni iye ìkarahun. Ààlè tí òun mọ̀, ìkarahun kan ni. Kí ni èkejì ń wá níbẹ̀? Ó ní ìkarahun òfìfo túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ti kú. Méjì wá ńkọ́? Òun àti Zipporah ni. Tàbí òun àti Olúrẹ̀mí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlọrin. Ó pe Olúrẹ̀mí lórí fóònù, ó ní kó má gun ọ̀kadà lọ́sẹ̀ yìí. Olúrẹ̀mí bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan, ó pa fóònù.

Nígbà tó yá, Fàrúkù tó ń ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún dé láti Ìlá. Ọ̀nà oko ló gbà wọlé, ojú rẹ̀ ti le.

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ta lẹ tà á fún?"

"Ta kí ni?"

"Obì. Mo rí ààlè. Ẹlòmíràn ti fún yín ní àsansílẹ̀, ẹ wá so nǹkan rọ̀ kí n lè rò pé ìjà ẹbí ni. Mo ti wà lẹ́nu òwò yìí pẹ́, Alàgbà. Mo mọ ọgbọ́n yín."

"Ṣé orí rẹ pé? Ààlè ni mo so mọ́ ara mi lọ́rùn?"

"Oníṣòwò kì í bá igi jà. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe." Fàrúkù gbọn agbádá rẹ̀. "Tó bá ti jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ so ó, ẹ tú u níṣojú mi."

Oyèdọ̀tun yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Fàrúkù ní, "Ẹ ò rí i bí?" Ó sì lọ.

Oyèdọ̀tun wò ó títí ó fi pòórá. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di ẹlẹ́nu púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí èṣù nínú ààlè náà. Fàrúkù rí òwò. Òun rí Hezekiah. Ó bínú pé àwọn méjèèjì yẹn kò ní ojú tí a fi ń ríran.

Obì kò sì dúró dè wọ́n. Ó gbó, ó là, ó ń já bọ́. Bí Oyèdọ̀tun bá dé oko, á dúró sí ẹ̀bá odò, á máa gbọ́ bí èso ṣe ń dún pọ̀ọ̀ lórí ewé gbígbẹ. Kòkòrò ti ń wọ inú àwọn tó wà nílẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré lókè, wọ́n ń jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ ààlè. Ó kó òkúta, ó sọ ọ́ lù wọ́n. Ìgbà kan ó na ọwọ́ sí ìkarahun, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó fà á padà. Bí òun bá tú u, Hezekiah á dúró níwájú mọ̀lẹ́bí, á sọ̀rọ̀ bí ìwé, á ní, "Ẹ rí olè." Bí òun kò bá sì tú u, tí obì ọdún yìí jẹrà mọ́ ibẹ̀, òun ti fi ẹnu ara òun gbà pé ẹlòmíràn ló ni oko. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ẹ̀gún. Ó gbà pé Tíṣà ti jókòó ronú rẹ̀ dáadáa.

Ó wá pinnu pé òun yóò lúgọ. Ẹni tó so ààlè gbọ́dọ̀ padà wá wò ó. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ìrì ṣe ń gbẹ, ó ti jókòó sí ẹ̀yìn igi ìrókò tó ṣubú, àdá lórí itan rẹ̀, gọ̀gọ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà oko. Ẹni kan sọ̀kalẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè kí ìrì má bà á jẹ́, ó rọra ń bọ̀ lábẹ́ igi, ó yọ awò ojú, ó tẹjú mọ́ ààlè, ó mi orí.

"Ọwọ́ tẹ̀ ọ́," ni Oyèdọ̀tun pariwo, ó fò dìde. "Hezekiah! Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!"

Hezekiah fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tó rí ẹni tí í ṣe, ó tẹrí ba, nítorí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé ẹ̀gbọ́n lo so ìkarahun mọ́ lọ́rùn?"

"Èmi?" Hezekiah na ìka sí òfì náà. "Ẹ̀yin lẹ so ó! Fàrúkù ló ròyìn rẹ̀ fún mi ní Ìlá, ó ní aṣọ pupa ni wọ́n fi dì í. Ara fu mí. Mo ṣí àpótí mi. Òfì bàbá, ẹ̀gbọ́n, ó ku igun kan péré! Ta lẹ rán wọ yàrá mi?"

"Èmi ni kí n rán ènìyàn wọ yàrá rẹ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ìbínú òfì nínú. Ẹ ní bí kò bá ti jẹ́ tiyín, kó di àkísà. Ẹ sì fi so ààlè, kí n lè mọ̀ pé ọ̀nà oko ti dí fún mi. Ó yé mi pátápátá."

Oyèdọ̀tun la ẹnu. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ẹ jẹ́ ká fi làákàyè bá ara wa sọ̀rọ̀," ni Hezekiah wí.

"Làákàyè wo? Èyí tí mo gun igi kó o tó ní?"

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Tú u."

"Ẹ̀yin ni kí ẹ tú u."

"Ẹni tó so ó ló ń tú u!"

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tú u!"

Ọlọ́kadà tó gbé Hezekiah wá ti jókòó sórí máṣíìnì rẹ̀, ó ń jẹ àkàrà. "Ẹ̀yin bàbá," ló ké láti ọ̀ọ́kán, "ìkarahun ìgbín yìí mà lágbára o. Ó ká díákónì mọ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Oyèdọ̀tun wo àbúrò rẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Hezekiah tó ń ka Bíbélì fún ìjọ kò jẹ́ na ọwọ́ sí ààlè náà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe máa ń kó wọn sẹ́yìn nígbà tó wà lọ́mọdé, tí bàbá bá ń bi wọ́n pé ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Ìfura tuntun kan wọ Oyèdọ̀tun lọ́kàn, èyí tí kò dùn mọ́ ọn rárá: ó lè jẹ́ pé Hezekiah kò mọ nǹkan kan.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn nígbà tí Tẹjúmádé dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì lórí. Ó sọ wọ́n kalẹ̀. Ó wo Oyèdọ̀tun, ó wo Hezekiah, ó tún wo Oyèdọ̀tun. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ sídìí igi àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ààlè.

"Tẹjú!" Hezekiah kígbe. "Má fọwọ́ kàn án!"

"Èmi ni mo so ó," ni Tẹjúmádé wí. Ó tú u, ó ká òfì náà dáadáa, ó fi í sínú ìró rẹ̀, ó to ìkarahun méjèèjì sórí gbòǹgbò.

Ẹyẹ ń ké lókè odò. Oyèdọ̀tun sún mọ́ ọn.

"Ta ló rán ọ?"

"Bàbá."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa. Ó ní, 'Tẹjú, ìwọ ni mo fi ṣọ́ obì yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì ni kó jọ ká a. Bí ọ̀kan bá dá wá, má gbà fún un.'"

"Nígbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nígbà tó dùbúlẹ̀."

"Bàbá ti kú, Tẹjú," ni Hezekiah rọra wí.

"Mo mọ̀." Ó wò wọ́n bí ẹni pé àwọn ni orí wọn kò pé. "Kò sọ pé bí òun bá kú kí n jáwọ́."

"Òfì mi ńkọ́?"

"Mo gé e nínú àpótí yín ní Ìlá. Ti Bàbá ni. Ààlè Bàbá ni."

Oyèdọ̀tun wo ìkarahun méjèèjì lórí gbòǹgbò náà. Ẹ̀gbọ́n méjì, ìkarahun méjì, apẹ̀rẹ̀ méjì. Kò sí òkú kankan nínú rẹ̀. Ó rántí Olúrẹ̀mí tó ti ń fi ẹsẹ̀ rin ní Ìlọrin, ojú tì í díẹ̀. Obìnrin yìí ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá láràárọ̀, ó ń bá òun nìkan níbẹ̀, ó ń gbé e padà. Bó bá jẹ́ pé òun bi í, yóò ti sọ fún òun. Ta ló máa rò pé ó yẹ kí a bi í?

Síbẹ̀ kò fẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀ fún Hezekiah. Ó ní, "Ó dáa. A ti gbọ́. Tíṣà, máa lọ, èmi á ká a."

Hezekiah náà ní ìgbéraga tirẹ̀. "Mi ò wá gba obì lọ́wọ́ yín. Ó dàbọ̀." Ó yí padà sí ọ̀nà ọ̀kadà.

Tẹjúmádé yọ òfì kúrò nínú ìró rẹ̀. Ó mú ìkarahun méjèèjì, ó fi ṣùkù àgbàdo sí i, ó ń dì wọ́n padà mọ́ igi. Kò bínú, kò yára. Bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí àlejò ti lọ ló rí.

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí àkàrà fi há a lọ́fun.

"Hezekiah," ni Oyèdọ̀tun pè.

Hezekiah kò yíjú.

"Hezekiah! Padà. Kò ní jẹ́ kí n ká a."

Hezekiah dúró. Ó pẹ́ kó tó yí padà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tún ká ṣòkòtò sókè sí i, ó wá dúró sábẹ́ igi. Tẹjúmádé tún tú ààlè náà. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan sí iwájú ọ̀kan, ó gbé èkejì sí iwájú èkejì, ó lọ sídìí igi tó kàn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Oyèdọ̀tun ń fi gọ̀gọ̀ já a, Hezekiah ń ṣa, ẹ̀gbọ́n á sì sọ gọ̀gọ̀ kalẹ̀, á ṣa tirẹ̀. Lára ohun tó já bọ́, ọ̀kan ba Hezekiah léjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra."

"Sún sẹ́yìn."

Kò mọ̀ọ́mọ̀. Tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ díẹ̀. Ó ń wo apẹ̀rẹ̀ Hezekiah bóyá ó ń yára kún ju tirẹ̀ lọ, ó sì rí i pé Hezekiah náà ń yọ ojú wo tòun. Ó ń ronú nípa bàbá wọn. Bàbá náà kò bi mọ̀lẹ́bí, kò pe àgbà kankan. Ẹni kan ṣoṣo nínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹnu yí lọ́kàn padà ló fún níṣẹ́. Àbí kò ronú jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ ọ̀rọ̀ lásán, tí ọmọbìnrin náà sì gbé e bó ṣe gbọ́ ọ. Oyèdọ̀tun kò mọ èyí tó yẹ kóun gbà gbọ́.

Nígbà tí oòrùn mú, igi tó kù ṣì pọ̀, ààlè ṣì wà lára wọn. Ọlọ́kadà ti ń tẹ fèrè. Hezekiah nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó wọ bàtà.

"Ta ló ń bọ̀ lọ́la?" ni Tẹjúmádé bèèrè.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í ṣe ohun tí a ń sọ lásán fún un. Hezekiah wo ilẹ̀, ó wo awò ojú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mò ń bọ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

Tẹjúmádé yí ojú sí Oyèdọ̀tun. Oyèdọ̀tun gbé gọ̀gọ̀ lé èjìká. Ó fẹ́ sọ pé òun kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin tó ń to ìkarahun. Ó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ òfì kò tíì tán, kò sì ní tán. Ó wo obì tó ti jẹrà nílẹ̀, ó wo èyí tó wà lókè, tí kò tíì já.

"Mò ń bọ̀," lòun náà wí, ó sì tẹ̀ síwájú kíákíá kí Hezekiah má bàa rí ojú rẹ̀.